Ìlà Kan Lára Káàdì Ọ̀gbẹ́ni Abẹ́rẹ́

Àmì mọ́kànlá ni, pẹ̀lú òbìrí kékeré kan níparí. Mo ti kà wọ́n láìmọye ìgbà. Kíkà bí a ṣe ń ka bọ́tìnì ni mo ń wí, kì í ṣe kíkà bí a ṣe ń kàwé. Ẹni tó bá ti fi ọdún kan kọ́ èdè Jàpáànù dáadáa á túmọ̀ gbólóhùn náà sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó ṣí ìdérí bíró rẹ̀ tán. Èmi tí gbogbo àdúgbò gbà pé mo ti fi ọdún méjì kọ́ ọ, mi ò lè túmọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀. Ibi tí ìtìjú mi ti gbilẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì tán.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ilé iṣẹ́ náà ra ogójì ẹ̀rọ tuntun láti Jàpáànù, ẹnjiníà kan sì bá wọn wá láti tò wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Abẹ́rẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí abẹ́rẹ́ kan kì í kúrò ní kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Ọdún méjì ló lò. Òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ ń wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Kò gbọ́ èdè wa, bàbá mi kò gbọ́ tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn méjèèjì gbọ́ kò sì ju ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ lọ: óòkéè, nò gúùdù, ọ́ọ̀lì fún epo, súlóò fún díẹ̀díẹ̀, tumọ́rò. Ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ṣọ̀rẹ́. Kí màmá mi tó kú, ó máa ń sọ pé òun tí òun gbọ́ gbogbo èdè tí bàbá mi gbọ́, kò bá òun sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà padà sílé, káàdì kan ló ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún, lédè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà ńláńlá: Ara mi le. Ẹ̀rọ yín ńkọ́? Bàbá mi á dá a lóhùn pé: Ara mi le. Ẹ̀rọ mi le. Ó tán. Bàbá mi kan àwọn káàdì náà mọ́ pátákó kan ní pálọ̀, ó tò wọ́n bí ó ṣe máa ń to irinṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti pé mẹ́rìndínlógún.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ bi í pé kí ló fẹ́. Ẹlòmíràn gba aago, ẹlòmíràn gba àga onítìmùtìmù. Bàbá mi ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọ òun sínú kíláàsì èdè Jàpáànù tí wọ́n ń ṣe lókè ilé iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ bá Ọ̀gbẹ́ni Abẹ́rẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n kí àwọn méjèèjì tó kú.

Oṣù mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Orí mi kò gbà á, kí n má tún parọ́ lórí ìyẹn náà. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ní kí n dìde kàwé. Mo kọsẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ kejì, ọmọ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, sì bá mi parí rẹ̀ láìwo ìwé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ náà, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n bọ́ aṣọ lára mi. Mo palẹ̀ ìwé mi mọ́, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí n sọ fún bàbá mi. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un pé ohun kan ṣoṣo tó béèrè lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti bọ́ sómi? Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, mo ń kúrò níbi iṣẹ́, mo ń gbé ìwé mi dání, mo ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi tó ń dirun títí aago méje á fi lù. Bí mo bá délé, bàbá mi á ní, "Gbédègbẹ́yọ̀ mi, kí lẹ kọ́ lónìí?" Màá ká ahọ́n kò, màá tú u, ohùn tó bá jáde ni èdè Jàpáànù ọjọ́ náà. Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń lọ ròyìn mi fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, débi pé bí mo bá pàdé wọn lójú pópó, wọ́n á tẹrí ba fún mi bí wọ́n ṣe rò pé àwọn ará Jàpáànù ń ṣe. Èmi náà á tẹrí ba padà. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tèmi ti kú nígbà yẹn.

Káàdì kẹtàdínlógún dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Mo ń lọ aṣọ ní pálọ̀ nígbà tí bàbá mi wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Èdè rẹ̀ ló fi kọ ọ́," ló wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò jókòó. "Mo fi ìlà kan kún káàdì tí mo kọ sí i lọ́dún tó kọjá. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ń kọ́ èdè wọn. Ìwọ ló kọ ọ́ sí."

Ó gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó kó òun àti bíró fún mi.

"Kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà ńlá, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀, kó lè bá àwọn yòókù dọ́gba. Mo fẹ́ gbé pátákó náà lọ sí ìpàdé àwa afẹ̀yìntì."

Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo gba káàdì náà. Àmì tó ṣáájú dà bí igi méjì tó gba ara wọn kọjá, tí ẹ̀kán omi méjì wà lórí wọn. Mo mọ̀ ọ́n rí. Ó wà lójú ewé kejì ìwé mi, níbi tí wọ́n ya àwòrán ìdílé kan sí. Bí mo bá wọ yàrá lọ wo ìwé náà, mo máa rí i. Fóònù mi pàápàá wà lápò, ohun tó ń túmọ̀ èdè wà nínú rẹ̀, kò ní gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n bàbá mi dúró lé mi lórí, ó ń wo ẹnu mi. Ṣé Gbédègbẹ́yọ̀ ló máa wá yọ fóònù nítorí ìlà kan? Mo gbójú sókè wo pátákó. Káàdì mẹ́rìndínlógún, ohùn kan náà. Mo wí lọ́kàn mi pé kí ló tún kù tí ọkùnrin yìí lè sọ.

"Ó rọrùn, Bàbá," mo wí. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé: Ara mi le. Mo gbà pé ẹ̀rọ yín náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bàbá mi kà á, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ó yí káàdì náà padà, ó fi àtàǹpàkò pa á lẹ́yìn.

"Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi nìyí," ló wí. "Ó máa ń tẹ bíró mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kọ̀wé sára irin. Bí o bá fọwọ́ pa àwọn tókù lẹ́yìn, wàá mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà. Èyí ń dán."

"Ọjọ́ orí ni, Bàbá. Ọwọ́ àgbà ti rọ̀."

"Nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ni."

Ó wò mí, ó tún wo káàdì. Ọwọ́ tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́ ń sọ òótọ́ fún un, èmi sì ń bá ọwọ́ náà jiyàn. Ó gba tèmi gbọ́. Ó ní, "Ìwọ lo lọ síléèwé," ó sì lẹ bébà náà mọ́ ọn. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ó ti fi èsì ránṣẹ́: Ara mi le. Ẹ̀rọ mi le.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Mo ní ọ̀la, mo ní ọ̀tunla, mo ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti ya káàdì náà ní fọ́tò, kí n sì mọ òótọ́. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń gbálẹ̀ ní pálọ̀, ńṣe ni mò ń kẹ̀yìn sí pátákó náà. Mi ò fẹ́ mọ̀.

Oṣù méjì kọjá kí ìpàdé tó dé, nítorí gbọ̀ngàn ìjẹun àtijọ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ń jò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni mo bá bàbá mi gbé pátákó. Bí ogún àgbàlagbà ló wà níbẹ̀, lórí àga onírin. Wọ́n tẹrí ba fún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́tìnì, nítorí bọ́tìnì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kàn, ní kí n wá jókòó ti òun kí Jàpáànù lè ràn mọ́ òun lára. Bàbá mi gbé pátákó náà sórí tábìlì, ó ń ka káàdì kọ̀ọ̀kan sí wọn létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ mẹ́rìndínlógún nínú wọn rí.

Ẹnu káàdì kẹẹ̀ẹ́dógún ló wà nígbà tí olùkọ́ èdè Jàpáànù wọlé. Ilé iṣẹ́ ló rán an pé kó wá kí wọn. Mo mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn, kó tó yí ojú sí wa. Bàbá mi kò pàdé rẹ̀ rí, ọ̀sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì ni mo wọ kíláàsì. Nígbà tí alága ìpàdé dárúkọ iṣẹ́ obìnrin náà, bàbá mi yára dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ta àga nù.

"Olùkọ́, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín," ló wí, ó sì nawọ́ sí mi.

Olùkọ́ wò mí. Mo rí i pé ó ń wá orúkọ mi lórí rẹ̀, kò sì rí i. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í gbọ́ ti irú wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ pátákó, ó ka káàdì tó gbẹ̀yìn, ó ka bébà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún padà ka káàdì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló túmọ̀ èyí?" ló béèrè. Kò fi ìkà béèrè. "Ohun tó wà níbí ni pé: Bàbá fẹ́ rí yín. Ó jọ pé ọmọ ẹni tó ń kọ̀wé sí yín ló kọ ọ́. Nọ́ńbà fóònù wọn sì nìyí."

Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ó ṣe kedere, kò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ. Mo gbọ́ omi tó ń kán sínú korobá nígun yàrá.

Bàbá mi yí ojú sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kò sí ìbínú níbẹ̀, ká ní ìbínú ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Ojú ẹni tó tún ẹ̀rọ kan tò tán tó wá rí i pé irin kan ṣẹ́ kù nílẹ̀ ni. Ó ti mọ gbogbo rẹ̀: ọdún méjì, ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ahọ́n tí mò ń ká.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an lọmọ mi ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi," ló wí fún olùkọ́. "Èmi arúgbó ni mo lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́."

Olùkọ́ ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, mi ò—"

"Ojú mi ni," bàbá mi wí.

Olùkọ́ wo èmi, ó wo òun. Ó ní kò burú. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ń darúgbó jù. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun ni wọ́n wí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí.

Èmi àti bàbá mi padà sílé. Ó gbé pátákó sórí tábìlì oúnjẹ, ó jókòó, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó fi ìka kan tẹ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan sórí fóònù rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti bá a mú fóònù. Kò gbé e fún mi. Ó tẹ ibi tí ohùn fi ń jáde síta, ó gbé e sáàárín wa.

Obìnrin kan ló gbé e. Bàbá mi kó Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jọ.

"Èmi. Ọ̀rẹ́. Ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́."

Obìnrin náà fèsì. Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"A, Ẹ̀rọ," ló wí. "Bàbá mi. Parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Parí?"

"Parí." Ó mí. "Fóònù wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Lójoojúmọ́. Bàbá wo fóònù. Lẹ́yìn náà, káàdì yín wá. Mo kà á fún Bàbá. Bàbá ní, ẹ̀rọ óòkéè. Óòkéè. Ọjọ́ mẹ́fà, ó parí."

Bàbá mi yọ gíláàsì rẹ̀. Mo mọ gbogbo ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti kékeré, mo ń wò ó bó ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó bá a mu níbẹ̀. Níkẹyìn ó ní, "Sọ́rì." Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá, ẹ̀bẹ̀ ló padà jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ mi ló sì fi bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí fóònù kú, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mi ò lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin péré, mi ò lọ sí kíláàsì mọ́. Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́," ló wí. Ó fi èékánná yọ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò lábẹ́ káàdì, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa ya nǹkan. Ó gé òmíràn, ó fi bíró lé e lórí, ó tì í síwájú mi.

"Kọ ọ́ bí olùkọ́ ṣe sọ ọ́. Lẹ́tà ńlá."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ fúnra rẹ̀—"

"Mo ti sọ fún wọn pé ìwọ lo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n máa wá kí mi. Wọ́n máa wo ibẹ̀."

Mo kọ ọ́. Bàbá fẹ́ rí yín. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi mú.

Wọ́n wá lóòótọ́, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́fà, láti bá a kẹ́dùn. Ìyá Bọ́tìnì sún mọ́ pátákó, ó ka bébà náà sókè.

"Ṣé ẹ rí i," ló wí, "ọmọ yìí mà gbọ́ èdè o."

"Ó gbọ́ ọ," bàbá mi dáhùn. Kò wo ibi tí mo dúró sí. "Gbédègbẹ́yọ̀, bu omi wá fún wọn."

Mo lọ bu omi. Ọjọ́ tí àlejò bá wà nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ báyìí.